Paná Ni Mo Wí, Tanná Ni Ó Gbọ́

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu mi ní ọdún 2016 tí ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti fọ́ mọ́ ẹlòmíràn lórí. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ èrò tí mo fẹ́ gbé síwájú yín lónìí, nípa ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé ń lò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní intercom, àti nípa èdè tí ó yẹ kí àwa máa fi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ eléré kékeré kan ni wá nígbà náà. A fẹ́ ṣe eré oníṣe Yorùbá kan ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Ìbàdàn, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alámòójútó ìtàgé. Iṣẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ ni láti jókòó sí kọ̀rọ̀ kan nínú òkùnkùn, kí ó máa fi ìka tẹ̀lé ìwé eré láti ìlà dé ìlà, kí ó sì máa sọ fún ẹni tó wà nídìí iná, fún àwọn onílù àti fún àwọn tó ń fa aṣọ ìkélé pé àkókò wọn tó. A yá intercom gidi, olókùn, pẹ̀lú headset mẹ́fà. Inú wa dùn púpọ̀. A rò pé ẹ̀rọ ti gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe.

Ní òpin ìran kẹta, ọba wàjà. Ìlù ń ròkè, àwọn olorì ń sunkún, àwọn òǹwòran náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ó yẹ kí gbogbo iná kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí a lè gbé òkú ọba wọlé nínú òkùnkùn. Mo tẹ bọ́tìnì, mo ní, “Paná!” Ńṣe ni gbogbo iná orí ìtàgé tàn yòò. Àwọn mẹ́rin tó fẹ́ gbé òkú dúró sójú kan bí ère, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé lára wọn. Ọba tó wàjà la ojú, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ti tú àṣírí òun, ó dìde, ó ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀rín tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rín lákòókò náà kò tán títí eré fi parí.

Ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún kan ni ó wà nídìí iná. Nígbà tí olùdarí wa dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́, ohun tí ó sọ kò ju, “Tanná ni mo gbọ́, sà.” Ó wá yíjú sí mi, bí ẹni tó ń retí pé kí n gba òun sílẹ̀. Èmi mọ̀ pé paná ni mo sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì wí níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní oorun ló ń kùn ún. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kò sí lára iṣẹ́. Kò bá wa ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Olùdarí sì ṣe òfin kan: láti ìsinsìnyí lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa sọ lórí intercom, nítorí pé Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí, kì í ṣe èdè iṣẹ́ ẹ̀rọ. Eré Yorùbá ni à ń ṣe o! Èmi tí mo ń fi kíkọ́ni ní èdè Yorùbá jẹun, n kò bá a jiyàn.

Ọdún méjì kọjá kí ojú mi tó là. Mo wà nínú kíláàsì, mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ méjì tó wá sí mi lọ́kàn sójú pátákó. Tan iná. Pa iná. Mo ní kí wọ́n kọ àmì ohùn wọn jáde. Kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dìde dáhùn ni mo ti mọ̀ pé mo jẹ ọmọ kan ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni tàn. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà a di ohùn àárín. Rà ni a ní, ṣùgbọ́n ra aṣọ ni à ń wí. Gbà ni a ní, ṣùgbọ́n gba owó ni à ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàn ṣe di tan iná. Pa ní tirẹ̀, ohùn àárín ni láti ilé. Bí ìpajẹ bá wá mú fáwẹ̀lì i kúrò níwájú iná, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́nu wa ni tanná àti paná. Ohùn àárín àti ohùn òkè nìyẹn, ohùn àárín àti ohùn òkè nìyí. Sílébù méjì-méjì ni wọ́n. Fáwẹ̀lì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àfi pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ àránmúpè. Gbogbo ohun tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kò ju kọ́ńsónáǹtì t àti p lọ, ìró kéékèèké tí í bẹ̀rẹ̀ tí í sì parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìyáàlù sì ń dún gbì-gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn rẹ̀ ń gba ẹnu headset mi wọlé. Ìró p kò lè la irú ariwo bẹ́ẹ̀ já. Ọmọ náà kò sùn. Ohun tó dé etí rẹ̀ ni “-aná”, ó sì ní láti yan ọ̀kan nínú méjì.

Nítorí náà, ẹjọ́ wo ni a dá fún èdè Yorùbá lọ́jọ́ náà? Ẹjọ́ àìjẹ̀bi ni. Èmi tí mo jókòó sídìí bọ́tìnì ni mo jẹ̀bi, nítorí pé n kò yan ọ̀rọ̀ mi kí n tó sọ ọ́.

Kí n tó máa bá èrò mi lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà á pọ̀ mọ́ walkie-talkie, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lórí walkie-talkie, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó ti di etí ara rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni méjì bá sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn a ba ara rẹ̀ jẹ́. Intercom ní tirẹ̀ dà bí iyàrá kan tí gbogbo ẹgbẹ́ jókòó sí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Bí mo bá ń pàṣẹ lọ́wọ́ tí onítọ̀hún rí i pé òpó fẹ́ wó, ó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, n ó sì gbọ́ ọ. Ohun tí a ń san owó lé lórí gan-an nìyẹn.

Ariwo ló sì bí ẹ̀rọ náà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ní ọdún 1968, ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, Bob Cohen àti Charlie Butten dá ilé-iṣẹ́ Clear-Com sílẹ̀, nítorí pé níbi tí àwọn ẹgbẹ́ olórin rock ti ń kọrin, àwọn òṣìṣẹ́ kò lè gbọ́ ara wọn mọ́. Wọ́n ṣe àpótí kékeré kan tí òṣìṣẹ́ ń fi kọ́ ìgbànú, tí ó ń gbé ohùn sókè títí yóò fi borí ariwo. Àpótí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé ẹ̀rọ olókùn ṣì ń lò. Okùn ẹlẹ́nu mẹ́ta tí a fi ń so maikirofóònù náà ni ó ń so wọ́n pọ̀: waya kan gbé ohùn, èkejì gbé iná mànàmáná bíi volt 30 láti inú àpótí ńlá tó wà nídìí alámòójútó, ẹ̀kẹta sì ni ti ilẹ̀. Àpótí ìgbànú kò wá bátìrì kankan. Gbogbo ẹni tó wà lórí okùn kan náà ló ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Iná pupa kékeré kan tún wà lára rẹ̀ tí ó máa ń ṣẹ́jú bí ẹnì kan bá ń pè ọ́ nígbà tí o bọ́ headset sílẹ̀.

Aláìlókùn ni àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè báyìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dára ń lo ìlànà DECT, èyí tí àwọn tẹlifóònù ilé aláìlókùn ń lò, ní àyíká 1.9 GHz. Àwọn mìíràn tí owó wọn kéré ń lo 2.4 GHz, ojú ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ń gbà. Ẹ lè dán an wò ní ọ̀sán nínú gbọ̀ngàn òfìfo, kí ó dára bí oyin. Nígbà tí òǹwòran ẹgbẹ̀rún kan bá wọlé pẹ̀lú fóònù wọn, ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó jókòó sójú kan lo olókùn, kí ẹni tó ń rìn káàkiri lo aláìlókùn. Alámòójútó, oníná àti ẹni tó wà nídìí ohùn kò ń lọ síbì kankan. Kí ló fẹ́ sọ wọ́n di ẹrú bátìrì? Nílẹ̀ wa níbi, níbi tí iná ti lè lọ nígbàkígbà, kí a má gbàgbé UPS fún àpótí ńlá tó ń bọ́ àwọn yòókù. Bí òun bá kú, gbogbo okùn di odi. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìpè àjùmọ̀ṣe lórí WhatsApp lè rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé, ìjáfara kékeré báyìí sì tó láti mú kí aṣọ ìkélé já lu olórin.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè yan ọ̀rọ̀ fún wa. Olówó lè ra èyí tó dára jù láyé, kí ó sì fi sọ paná sínú ariwo ìlù.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè olóhùn bíi tiwa kò bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Nínú ariwo, kọ́ńsónáǹtì ni ó kọ́kọ́ ń sọnù. Ohùn ni ó ń pẹ́ jù lọ. Ẹ wo tẹlifóònù àtijọ́: kì í gbé ìgbì ohùn tó bá kéré sí nǹkan bí 300 tàbí tó bá ju nǹkan bí 3,400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sì sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ 200. Èyí fi hàn pé ìpìlẹ̀ ohùn bàbá yín kò wọ inú waya náà rárá. Síbẹ̀, ta ni nínú wa tí bàbá rẹ̀ pè rí lórí tẹlifóònù tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀? Ìdí ni pé àwọn ìgbì òkè tó bá ìpìlẹ̀ náà rìn ni etí fi ń mọ ibi tí ohùn wà. Ìró s àti f ni tẹlifóònù máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí pé òkè 3,400 ni púpọ̀ nínú agbára wọn wà.

Àwọn babańlá wa kò ní waya, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kí ni gángan ń sọ bí kì í bá ṣe ohùn nìkan? Kò sí kọ́ńsónáǹtì nínú awọ àti ọṣán. Ìyáàlù ń sọ fún alájó pé kí ó yíjú, kí ó rọra, kí ó tẹ̀ síwájú kí ó kí ọba. Ó ń sọ fún àwọn ìlù yòókù pé a fẹ́ yí orin padà. Intercom ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọgbọ́n onílù: nítorí pé ó mọ̀ pé ohùn àárín àti ohùn òkè lásán lè jẹ́ ogún ọ̀rọ̀, kì í sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ní òun nìkan. A máa fi í sínú gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Onílù tó bá fẹ́ sọ pé kí a pa iná kò ní lu “paná” kí ó sì dákẹ́. Èmi tí mo kàwé ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí olùdarí wa sá lọ bá sàn jù bí? “Lights on” àti “lights off” ni wọ́n ń sọ nínú ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn tí òfin náà jáde. Ẹ fi ẹnu wa níhìn-ín pè wọ́n, ọ́ọ̀nù àti ọ́ọ̀fù, kí ẹ sì ní kí onílù lu ìlù sí i. Àwọn tí èdè yẹn jẹ́ tiwọn mọ̀ pé kò dára, nítorí náà ni àwọn alámòójútó ìtàgé wọn kì í fi í pàṣẹ. Wọ́n máa ń dárúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á ní kí a múra, wọ́n á sì wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “go”. Ọ̀rọ̀ yẹn di èèwọ̀ lórí okùn títí di ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ fi máa ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ béèrè pé ibo ni wọ́n ń lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò wá.

Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ra irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife ti orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọkọ̀ òfurufú Boeing 747 méjì forí sọ ara wọn lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru, èèyàn 583 sì kú. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra nígbà tí èkejì ṣì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Rédíò tí wọ́n ń lò jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìṣọ́ ń sọ pé kí wọ́n dúró, ọkọ̀ kejì ń sọ pé òun ṣì wà lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì kọlu ara wọn, ó di ariwo tí ń hu fíì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ! Ọ̀rọ̀ “take-off” ni ẹni kan lò lọ́nà tí ẹlòmíràn kò gbà yé e. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n fìdí òfin múlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn àfi nígbà tí a bá ń fún ọkọ̀ láṣẹ láti gbéra tàbí tí a bá ń gba àṣẹ náà padà. Àwọn awakọ̀ òfurufú kan náà ni kì í pe “nine” bí ó ti wà. “Niner” ni wọ́n ń pè é, kí ó má baà jọ “five”. Ẹ ò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì kò bá iṣẹ́ ẹ̀rọ wáyé? Wọ́n jókòó, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi òfin dè é. Iṣẹ́ tí àwa kò ṣe fún Yorùbá nìyẹn kí a tó lé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é nígbà náà. Èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi ti ń lò, pẹ̀lú ìdí wọn.

Fún ìmúrasílẹ̀, “Ẹ múra sílẹ̀.” Ó gùn, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi lè ṣì í gbọ́. Fún àṣẹ gan-an, “Ó yá!” Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gidigidi, nítorí pé ó yanjú ìṣòro kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Bí alámòójútó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí olórí onílù sì jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún, báwo ni yóò ṣe pàṣẹ fún un? “Ó yá” kò ní ìwọ nínú, kò ní ẹ̀yin nínú. Àkókò ni ó ń kéde. “Ẹ múra sílẹ̀” sì bá gbogbo èèyàn mu, ọmọdé àti àgbà, nítorí ẹgbẹ́ ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ “ó yá” di èèwọ̀ lórí okùn bí àwọn yẹn ti ṣe sí “go”. Èyí kò rọrùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí í wà lẹ́nu wa tàárọ̀-talẹ́ ni.

Fún ìdádúró, ẹ má ṣe lo “Dúró”. Mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohùn òkè méjì ni dúró, ohùn òkè méjì náà sì ni ó yá. Bí ariwo bá jẹ kọ́ńsónáǹtì wọn, ẹ ti sọ pé kí wọ́n máa lọ nígbà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dúró. “Rárá” náà kò sàn jù ú lọ, òkè méjì ni òun náà. “Sùúrù” ni kí ẹ wí. Ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀: kò jọ ó yá níbi kankan.

Fún iná, ẹ fi tanná àti paná sílẹ̀ fún ilé. Kí a pe orúkọ ohun tí a fẹ́ rí: “Òkùnkùn”, tí ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ru ú, àti “Ìmọ́lẹ̀”, tó gòkè láàárín. Bí ó bá di dandan pé kí a lo ọ̀rọ̀-ìṣe, kí a lo arọ́pò-orúkọ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. “Pa á” jẹ́ àárín àti òkè; “tàn án” jẹ́ ìsàlẹ̀ àti òkè, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ kì í yí padà níwájú arọ́pò-orúkọ. Gírámà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ráhùn sí lè gba ọba tó wàjà lọ́wọ́ ìtìjú.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà pẹ̀lú. Ohùn kan náà ni keje àti kẹjọ ní, kẹta àti kẹrin náà sì bá wọn dọ́gba. Kàkà kí a sọ pé iná keje tàbí iná kẹjọ, kí a sọ wọ́n lórúkọ: iná òṣùpá, iná ààfin. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yóò sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà pé, “Òkùnkùn, mo gbọ́,” kí a lè mọ̀ pé ohun tí a sọ ni ó gbọ́.

Olúwarẹ̀ lè sọ pé, “Ṣé bí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí?” Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ilé. Lórí intercom, odindi ọ̀rọ̀ ni ìwà ọmọlúàbí. Kí a kí ara wa dáadáa kí a tó gbé headset sórí, kí a bi ara wa léèrè ilé àti ọmọ. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ti jọ fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí nìkan ni ó yẹ kí ó gba orí okùn kọjá.

Mo mọ ibi tí èrò mi mọ. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ kò bá gbọ́ Yorùbá, tí ó sì wà lórí àkàsọ̀ tàbí lábẹ́ ẹrù tó ń rọ̀ kalẹ̀, èdè tí onítọ̀hún gbọ́ ni a ó sọ. Ẹ̀mí ju èdè lọ. N kò sì ní kí a wá orúkọ Yorùbá tipátipá fún gbogbo bọ́tìnì tó wà lára ẹ̀rọ. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ń ṣeré Yorùbá fún àwọn Yorùbá, máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara pàṣẹ fún ara wọn nínú òkùnkùn, kí wọ́n sì máa pe èyí ní ọ̀làjú. Báyìí ni èdè ṣe ń pàdánù ibi iṣẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbógun tì í. Àṣìṣe kan á ṣẹlẹ̀, a kò ní wádìí rẹ̀, a ó sì dá èdè lẹ́bi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ní 2019 mo wá a lọ. Iná ni ó ṣì ń ṣe, fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó ìgbéyàwó. Mo mú bébà dání, mo kọ tanná àti paná sí i pẹ̀lú àmì ohùn wọn, mo sì ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún yín. Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ náà.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti burú rí.

Ó bá wa ṣiṣẹ́ nínú eré wa tó tẹ̀ lé e. Olùdarí mìíràn ni, òun sì gbà kí a lo àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yìí. A fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Ní alẹ́ ọjọ́ eré, ìlù tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní, “Òkùnkùn, ẹ múra sílẹ̀.” Ó ní, “Òkùnkùn, mo gbọ́.” Mo ka ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé, mo tẹ bọ́tìnì, mo ní, “Òkùnkùn, ó yá.”

Iná kú. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ ohùn wọn jáde, kí ẹ sì wo èyí tó jọra. Iṣẹ́ tiwa ni. Ire o.